Géèjì Orí Ìjókòó

Ẹ má bi mí bóyá mo gbà pé òkú ń rìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé n kì í gba gbogbo ọ̀rọ̀ gbọ́. Mẹkáníìkì obìnrin ni mí, ohun tí mo bá tú tí mo rí inú ẹ̀ ni mo máa ń gbà gbọ́. Bí ẹnìkan bá gbé ẹ́ńjìnnì wá tó ní àjẹ́ ló ń dà á láàmú, màá ní kó gbé àjẹ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo fílítà. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi lẹ́yìn tí àbúrò mi kú, mo tú u títí, n ò rí inú ẹ̀.

Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin là ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, irú èyí tí àwọn aṣọ́gbó àtàwọn tó ń da màlúù fi ń wọ ibi tí mọ́tò ò lè dé. Bàbá ló kọ́ mi níṣẹ́. Òfin kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tí n ò rí níbòmíràn. Bó bá ti tú ọ́ìlì dà nù nínú ẹ́ńjìnnì, á yọ géèjì, irin gbọọrọ tí a fi ń mọ bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó, tí orí ẹ̀ ní eyín tí a ń yí dì bí ìdérí ìgò, á nù ún dáadáa, á wá gbé e sórí ìjókòó lórí àkísà tó mọ́. Ibẹ̀ ló máa wà títí ọ́ìlì tuntun á fi wọlé, tí ẹlòmíràn á sì fi ojú tiẹ̀ wò ó kó tó dì í padà. "Ojú kan kì í wo ọ́ìlì," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Géèjì tó bá wà lórí ìjókòó ń sọ fún ẹ pé ẹ́ńjìnnì yìí ṣófo, má tan án. O ò tiẹ̀ lè jókòó láìkọ́kọ́ gbé géèjì kúrò nídìí ara ẹ. Bàbá mi gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Àbúrò mi, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí màmá mi bí, aṣọ́gbó ni. Kíákíá là ń pè é nílé, ẹni tó bá sì ti bá a jẹun rí mọ ìdí. Kó o tó fọwọ́ tán, ó ti jẹun, ó ti ń béèrè omi. Á ti dáhùn ìbéèrè kó o tó bi í tán. Ara ẹ̀ yá mọ́ èèyàn, ẹ̀rín ẹ̀ máa ń ṣaájú ẹ̀ wọlé. Àmọ́ kó wo ọ́ìlì? Láéláé! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè lórí ọ̀rọ̀ yẹn. "Gbé e síbi tó tẹ́jú," màá ní. "Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀, kó o pa á, kó o ní sùúrù kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀. Yọ géèjì, nù ún, tì í bọ̀ ọ́ láìdì í, tún yọ ọ́ kó o wò ó. Àárín ààmì méjèèjì ni kó wà. Tó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ̀ ọ́. Tó bá ń rùn bíi pẹtiróò, gbé e wá bá mi." Kíákíá á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gbogbo èyí, kí ni èmi tún fẹ́ mọ̀ ọ́n fún?" Kí n tó yanu, ó ti lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, mi ò sí ní ṣọ́ọ̀bù, mo lọ ra bẹ́líìtì. Kíákíá wà nínú ilé, ó ń sùn, torí òun ló ṣọ́ igbó mọ́jú. Bàbá tú ọ́ìlì alùpùpù ẹ̀ nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí ìgbà yẹn ni ìdọ̀tí máa ń bá a jáde. Ó di nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ padà, ó wá ń wá àrọ tó fẹ́ fi da tuntun. Bí oníbúlọ́ọ̀kù tó wà ní òdìkejì títì ṣe já wọlé nìyẹn, ó ń kígbe pé ọwọ́ òṣìṣẹ́ òun há sínú ẹ̀rọ. Bàbá gbá sípánà mú, ó sáré tẹ̀ lé e. Ó yọ ọwọ́ náà o, ìka kankan ò sọnù. Àmọ́ nígbà tó máa fi padà dé, alùpùpù ò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti pe Kíákíá lórí fóònù pé èéfín ń rú nínú igbó, ó sì ti gbé e lọ.

Òjò ti rọ̀ lórí òkè. Aṣọ́gbó kejì ẹ̀, tó ń dúró dè é ní òdìkejì odò, ló wá ròyìn fún wa. Ó ní omi ò ju orúnkún lọ nígbà tí Kíákíá wọ̀ ọ́. Ó dé àárín, ẹ́ńjìnnì hó gèè, ó kú. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní kó fi sílẹ̀ kó máa bọ̀. Kíákíá ń tẹ bọ́tìnnì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ó máa tan, ó ní kó fún òun ní ìṣẹ́jú kan. Àgbàrá òkè ló dé bá a lórí ẹ̀.

Bàbá ò sunkún. A sin ọmọ tán, àwọn èèyàn kí wa tán, wọ́n lọ, kò sunkún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi, ó ń bi mí, ó ń bi màmá, ó ń bi ògiri: "Ṣé mo gbé géèjì sórí ìjókòó?" Kò rántí. Bí oníbúlọ́ọ̀kù ṣe ń kígbe, gbogbo ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ fò lọ. Tó bá gbé e síbẹ̀, ó ti kìlọ̀ fún ọmọ ẹ̀. Tí kò bá gbé e síbẹ̀, á jẹ́ pé òun ló fi ẹ́ńjìnnì tó ṣófo sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo nǹkan ní àyè ẹ̀, tí ọmọ wá gùn ún lọ láìmọ̀ nǹkan kan. "Mo yọ ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ nínú ẹ̀rọ," ló máa ń wí, "mo wá ti tèmi sómi."

Inú ihò ẹ̀ ni géèjì wà nígbà tí wọ́n wọ́ alùpùpù náà jáde lódò, kò sì sẹ́ni tó wo bí wọ́n ṣe dì í. Ìyẹn ò sì yanjú nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé bàbá ò yọ ọ́ rárá. Ó lè jẹ́ pé Kíákíá ló bá a lórí ìjókòó tó tì í bọ̀ ọ́. Ẹnu ẹni tó mọ̀ ti padé.

Bàbá ò ṣiṣẹ́ mọ́, kò sì jẹun. Màmá á gbé oúnjẹ fún un, á tutù, á tún gbé e kúrò. Okùn ló fi ń so ṣòkòtò mọ́dìí. Màmá fà mí lọ sí ilé ìdáná lọ́jọ́ kan, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọmọ mi, tá ò bá ṣọ́ra, òkú méjì la máa sin." Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Wọ́n ti alùpùpù náà wá sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, nínú yàrá onípáànù tí a ń kó táyà sí, tí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo wà fún. A fi tapólì bò ó. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, torí ẹrẹ̀ odò ṣì wà lára ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní ọkàn àtifọ̀ ọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òrùn mú, tí gbogbo àdúgbò dákẹ́, mo wọ ẹ̀yìn lọ mú táyà. Mo rí i pé tapólì ti ká sẹ́yìn. Géèjì wà lórí ìjókòó. Wọ́n ti nù ún, ó ń dán, àkísà mímọ́ sì wà lábẹ́ ẹ̀.

Mo bínú. Mo rò pé bàbá ni. Mo sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọwọ́ ara yín tú egbò yìí mọ́." Ó wò mí, ojú ẹ̀ ti wọnú. Ó ní òun ò dé ẹ̀yìn látọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé, pé ẹsẹ̀ òun ò gbé òun débẹ̀. Mo lọ bá màmá. Màmá ní kí ni òun mọ̀ nínú géèjì. Mo ti irin náà bọ ihò padà, mo fa tapólì bò ó. Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán, ó tún ti wà lórí ìjókòó.

Mo ra àgádágodo. Mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn ara mi bí ọmọ ilé ìwé. Mo wá jókòó síwájú ilẹ̀kùn náà, mò ń tún kábúrétọ̀ ṣe, ẹnikẹ́ni ò gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Nígbà tó di ọ̀sán, mo gbọ́ ìró kan nínú, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń fi àkísà fa irin. Fìì. Fìì. Mo ju kábúrétọ̀ sílẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Kò sí ẹnikẹ́ni. Géèjì wà lórí ìjókòó, ó ń dán.

Ẹlòmíràn á sá. Èmi, nígbà tí ẹ̀rù bá bà mí tán, ìbínú ló máa ń kù. Mo dúró ti alùpùpù yẹn, mo da ẹnu bò ó. "Kíákíá! Ṣé ìwọ náà nìyẹn? Nígbà tí o wà láyé, ta ló rí géèjì lọ́wọ́ ẹ rí? Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú ẹ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀! Ìgbà tó o kú tán lo wá di ẹni tó ń yẹ ọ́ìlì wò? Olórí kunkun!" Mo ń bú u, omijé ń dà lójú mi. Tapólì ò mì. Eṣinṣin kan ló bà lé ọwọ́ ìdarí, ó tún fò lọ.

Màmá gbọ́ ariwo mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí géèjì, ó ká ọwọ́ lérí. "Ó ń bá bàbá rẹ̀ jà," ló wí. "Ó ń sọ fún wa pé ẹ́ńjìnnì ṣófo, pé bàbá ẹ̀ ló pa òun. Ọmọ mi ò dárí jì í." Ó ní kí n wá ẹni tó máa gbé alùpùpù náà lọ jìnnà, kí bàbá má baà mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, torí ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn tí n ò fẹ́ sọ.

Kí n tó gbà láti gbé e lọ, ìrètí kékeré kan sọ sí mi lọ́kàn. Bàbá gbàgbé bóyá òun gbé géèjì sórí ìjókòó. Ṣé kò lè jẹ́ pé ó da ọ́ìlì tuntun sí i, tó sì gbàgbé ìyẹn náà? Bóyá ohun tí Kíákíá ń wí ni pé kí a wo inú ẹ̀. Mo gbé abọ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, mo tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Tí ọ́ìlì bá wà níbẹ̀ nígbà tó wọ odò, kò ní ṣàì jáde, ì báà ti funfun, ì báà ti ki bí ògì. Omi ló jáde. Omi odò, ó mọ́, ẹrẹ̀ díẹ̀ wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú èérún irin tó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí. Mo fi sípánà gbìyànjú láti yí ẹ́ńjìnnì, kò yí. Ó ti gbẹ, ó ti jẹ ara ẹ̀, ó ti lẹ̀ mọ́ra.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Bàbá ni. Bó ṣe rìn débẹ̀, n ò mọ̀. "Kí lo rí?" ló bi mí.

"Ọ́ìlì wà níbẹ̀, bàbá," mo wí. Irọ́ funfun báláú.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ìka bọ inú abọ́, ó fi àtàǹpàkò ra á, ó gbóòórùn ẹ̀. Ó rọra nu ìka ẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "O ṣeun, ọmọ mi," ló wí. "Àmọ́ èmi ni mo kọ́ ẹ níṣẹ́." Ó jókòó sórí táyà tó wà nílẹ̀, ojú ẹ̀ sì lọ sí géèjì tó wà lórí ìjókòó. "Mo gbọ́ ohun tí ìyá rẹ ń sọ fún ẹ, pé ọmọ náà ń wá. Mo gbọ́ tó ní ó ń bá mi jà. Jẹ́ kí n dúró níbí. Tó bá ń bá mi jà, kó wá bá mi jà lójú mi."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò dìde. Ni mo bá ní ó dáa, èmi náà ò ní lọ. Mi ò sì ní ti géèjì bọ ihò lónìí, kó wà níbi tí ẹni tó gbé e síbẹ̀ fẹ́ kó wà. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tí a fi jókòó, èmi àti bàbá mi, tí òrùn ń na páànù lókè orí wa tó ń dún pọ́, pọ́. Ètè bàbá ti gbẹ. Mo yíjú láti bu omi fún un.

Irin ló dún lẹ́yìn mi. Kò dún fìì bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìró irin tó ń wọ irin ló jẹ́, pẹ̀lú ìkánjú, kéré, kéré, kéré. Ife bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo fi máa yíjú, àkísà wà nílẹ̀, bí ohun tí èèyàn fi ọwọ́ gbá dànù. Ìjókòó ṣófo. Géèjì ti wà nínú ihò ẹ̀. Lójú èmi àti bàbá mi, fóòmù ìjókòó náà rì wọlé jẹ́jẹ́, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tẹ̀ díẹ̀, bó ṣe máa ń tẹ̀ tí èèyàn bá gùn ún. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó tún dìde padà.

Bàbá ló dìde. Ó rìn lọ sídìí ẹ́ńjìnnì, ó fi ọwọ́ kan orí géèjì. Ó wọ́. Apá kan ga, apá kan rì, wọ́n ti dì í gba ọ̀nà tí kì í ṣe ọ̀nà ẹ̀, wọ́n wá fi ipá yí i títí tó fi há.

"Ta ló ń di nǹkan báyìí?" bàbá bi mí.

Ṣé ó yẹ kó bi mí? Nílé wa, kò sí ìdérí ìgò, kò sí ìdérí tánkì, kò sí ohunkóhun tó ń yí tí Kíákíá dì rí tó tọ́. Ojoojúmọ́ ni màmá ń fi eyín ṣí ìgò omi tí ọmọ ẹ̀ dé. Bàbá ò di nǹkan wọ́ rí láyé ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

"Kíákíá ni," mo wí.

"Kíákíá ni," bàbá wí. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà ń wọ inú ẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. "Orí ìjókòó ló ti bá a. Mo gbé e síbẹ̀. Mo gbé e síbẹ̀, ọmọ ló gbé e kúrò." Ó wo ojú mi. "Kò bá mi jà. Látọjọ́ yìí, ohun tó ń sọ fún mi ni pé mo gbé e síbẹ̀."

Mo rò pé ara máa tù ú. Mo tiẹ̀ ti ń múra láti sáré lọ sọ fún màmá. Àfi bí bàbá mi ṣe gbá ọwọ́ lé ìjókòó náà, gbàù, eruku sọ. "O rí i!" ló kígbe. "O rí i! O fi ọwọ́ ara rẹ gbé e! Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ aláìgbọ́ràn, o rí i, o sì lọ!" Ó tún gbá a, ó tún gbá a, ohùn ẹ̀ ń já. Màmá sáré wọlé, ó rò pé ó ti ṣubú. Kò ṣubú. Ó di alùpùpù náà mọ́ra pẹ̀lú ẹrẹ̀ ara ẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré, ẹkún tí kò sun látọjọ́ tí a ti sin ọmọ ẹ̀.

"Ìbá sàn kó jẹ́ èmi ni," ló ń wí. "Tó bá jẹ́ èmi ni, mo lè rù ú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ di ẹ̀bi ru òkú ọmọ mi?" Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbá a lẹ́sẹ̀ mú.

Ó pẹ́ kó tó dákẹ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó béèrè púláyà, mo fún un. Ó rọra tú géèjì náà, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e sẹ́nu ihò. Ó wá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kì í ṣe fún mi, kì í ṣe fún màmá. "Wò ó dáadáa," ló ń wí. "Kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn. Sẹ́yìn ná, títí o máa fi gbọ́ tí eyín ẹ̀ bọ́ síra. O gbọ́ ọ? Ó ti bọ́ síra. Ìgbà yẹn lo tó ń yí i síwájú. Kò gba agbára. Kò gba agbára rárá, ọmọ mi." Géèjì náà ń yí wọlé lọ́wọ́ ẹ̀, ó tọ́, bàbá sì ń dúró láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, bí ẹni tó ń dúró de ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ kó rí i kó tó tẹ̀síwájú.